Ojú Pupa Tó Yọ sí Kọ̀ǹpútà Ilé-Ìwé Wa

Mo lẹ́nu. Mi ò ní fi pa mọ́, torí kò sí ẹni tó mọ̀ mí láti Kétu títí dé Pobè tí kò ní sọ ọ́ fún yín kí ẹ tó jókòó. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìhà Kpankou: kíláàsì mẹ́fà, olùkọ́ mẹ́fà, àti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Òdínátọ̀ làwa ń pè é lọ́dọ̀ tiwa. Ọmọ abúlé kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Kutọnu ló fi ta wá lọ́rẹ nígbà tó ra tuntun. Ó ti gbó, ó sì máa ń gbóná bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹyin ni mo ṣe ń gbé e.

Òfin rẹ̀ kò ju méjì lọ. Iṣẹ́ ilé-ìwé nìkan ni kí a fi ṣe. Bí a bá sì ti lò ó tán, inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì mi ló ń lọ, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ń bẹ lọ́rùn mi, nínú okùn kan náà tí mo fi so àgbélébùú mi. Bí olùkọ́ bá fẹ́ fi tẹ ìbéèrè ìdánwò, á wá tọrọ rẹ̀, màá sì wò ó láti òkè délẹ̀ kí n tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo máa ń gbádùn wíwò yẹn, kí n má purọ́.

Íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tún ní ìyọnu tirẹ̀. Fóònù mi ló ń fún un ní rẹ́sò, ìyẹn nẹ́tíwọ́kì, rẹ́sò ọ̀hún kì í sì í wọ inú ọ́fíìsì. Ẹnì kan ní láti dúró lójú fèrèsé, kó na fóònù síta sí ìhà igi máńgòrò, kó má sì mira. Àwọn ọmọ ló sábà máa ń bá mi ṣe é.

Ọjọ́ tí mo ń sọ yìí ni ọjọ́ ìkẹyìn tí a lè fi orúkọ àwọn ọmọ tó máa ṣe ìdánwò sẹ́tífíkà, ìdánwò ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Agogo méjìlá ọ̀sán ni wọ́n máa ti ojú ìwé náà. Láti bí oṣù méjì ni mo ti fi gbogbo orúkọ ránṣẹ́, ó ku ẹyọ kan. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá kan ni, orí rẹ̀ pé gan-an, ṣùgbọ́n kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, nígbà tí wọ́n sì bí i, kò sẹ́ni tó rántí ìwé. Láìsí ìwé yẹn, kò sí ìdánwò. Láìsí ìdánwò, ọ̀rọ̀ ti bùṣe: ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ti wá sọ ọ́ lójú wa pé bí kò bá ṣe sẹ́tífíkà lọ́dún yìí, òun á mú un lọ sí Kutọnu, kó lọ máa gbé inú ilé onílé, kó máa pọn ọmọ ọlọ́mọ. Ọkùnrin náà ti wá ilé tí wọ́n máa mú un lọ.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi lé màmá àgbà náà kiri nítorí ìwé yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀, alùpùpù akérò kan, zẹ́mì, já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹrẹ̀ bò ó dé orúnkún. Ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó mú ọ̀rá kan jáde, ìwé náà sì wà nínú rẹ̀ tòun ti òǹtẹ̀. Mo fò sókè. Mo ní kí wọ́n pe ọmọ náà wá kó wá di fóònù mú fúnra rẹ̀, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ la fẹ́ ṣe. Mo tú kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn.

Mo ṣí ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Dípò funfun tí mo mọ̀, pupa ló yọ, pupa fòò, láti etí dé etí. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ti dínà mọ́ ẹ̀rọ yìí, pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣe amí, tàbí àfikún kan tó ń yí ojú ìwé padà, kí á yọ ọ́ kúrò kí á tó padà wá. Mo ń sọ ọ́ fún yín bí ẹni tó kà á. Mi ò kà á dé ìdajì. Mo rí i pé wọ́n dínà, orí mi gbóná, mo pa á dé.

Mo tún un ṣí. Pupa. Mo pa kọ̀ǹpútà pátápátá, mo tún un tàn, ìyẹn sì gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Pupa. Mo ní bóyá rẹ́sò ni. Mo gba fóònù olùkọ́ kan, ọmọ náà nà án síta lójú fèrèsé. Pupa. Mo gbìyànjú rẹ̀ lórí fóònù fúnra rẹ̀. Ojú ìwé ṣí, ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń fi àwòrán ìwé ọjọ́ ìbí sí i kò jáde rárá. Ṣé kí n gun alùpùpù lọ sí Kétu ni? Òjò àná ti ba ọ̀nà jẹ́, kí n sì tó rí ẹni tó máa dá mi lóhùn níbẹ̀, agogo méjìlá á ti kọjá. Aago ara ògiri ti lé ní mọ́kànlá, òógùn sì ti mu ẹ̀yìn aṣọ mi.

"Màdáàmù," màmá àgbà náà pè mí láti orí àga rẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ṣé ìwé náà ni kò dára?"

Ó rò pé ìwé òun ni wọ́n ń kọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Bí nǹkan bá sì gún mi, ẹlòmíràn ni mo máa ń gún padà, ìṣe mi nìyẹn.

Mo ránṣẹ́ pe olùkọ́ kíláàsì kẹfà, olùkọ́ ọmọ náà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, mo fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ló sì yá kọ̀ǹpútà náà láti tẹ ìbéèrè. Kò tíì wọlé tán tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ méjì mìíràn gbọ́ ohùn mi, wọ́n wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lo kó sínú ẹ̀rọ yìí? Fíìmù ni àbí kí ni? Ìdí ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́ wà! Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e fún ọ, o wá bà á jẹ́ fún mi!"

Ó tẹ̀ síwájú, ó ka ohun pupa náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Òun ló kọ́kọ́ kà á tán nínú gbogbo wa.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó, Màdáàmù."

"Ọwọ́ tó bà á jẹ́ náà ló fẹ́ tún un ṣe? Dúró síbẹ̀!"

"Ẹ má bínú, mà. Ṣé kò sí nǹkan kan tí a fi kún un láìpẹ́ yìí? Bóyá nítorí orin, bóyá nítorí fídíò. Àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tí wọ́n máa ń so mọ́ ibi tí a fi ń ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òmíràn ń mú òmíràn wọlé."

"Ta ni 'a'?" Mo na ìka sí i. "Ta ni 'a' tí ò ń pè yẹn? Sọ ohun tí ìwọ ṣe!"

Mo rí i tó wo aago, tó wo ọmọ tó wà lójú fèrèsé, tó tún wò mí. Agogo mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó retí rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, níwájú màmá àgbà, níwájú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi ni mo fi sí i, Màdáàmù. Mo jẹ̀bi. Ẹ dárí jì mí, kí ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́."

Ẹ ò rí bí inú mi ṣe dùn tó! Kí Ọlọ́run má ka irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀ sí mi lọ́rùn. Mo ní, "Ṣé ẹ gbọ́? Mo ti mọ̀! Lẹ́tà ẹ̀sùn rẹ á dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá wa lọ́la." Ìgbà yẹn ni mo tó dìde lórí àga fún un.

Ó jókòó. Ó tẹ ibì kan tí mi ò mọ̀ pé ó wà, orúkọ àwọn àfikún sì tò jáde, mẹ́ta. Ó pa ti àkọ́kọ́, ó tún ojú ìwé ṣí: pupa. Ó padà síbi tí wọ́n tò sí. Èmi ti lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀ kí n lè rí ìbàjẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Àwòrán kékeré kan ló wà níwájú èkejì, àmì orin, àwọ̀ ewé. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí á gba orin àti fídíò lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo mọ àwòrán yẹn. Èmi ni mo ń darí akọrin ìjọ wa, àjọ̀dún sì ń bọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, bí oṣù kan ṣáájú, mo kó àwọn ọmọ akọrin wá sí ilé-ìwé, ọ̀kan nínú wọn na fóònù síta lójú fèrèsé, mo ń wá orin kan tí a ó kọ́. Orin kọ̀, kò jáde. Nǹkan kan wá sọ pé kí n tẹ ibi báyìí, pé ọ̀fẹ́ ni. Mo tẹ ẹ́. Ó bi mí ní ìbéèrè kan, mo dáhùn sókè bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí ní òmíràn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò kà á, orin ni mo ń wá. Ẹ̀kẹta tó wà lábẹ́ rẹ̀, tí kò ní àwòrán kankan, òun ló tẹ̀ lé e wọlé. Òun ni amí náà.

Ọrùn èmi nìkan ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ta ni ìbá tún ṣe é?

Olùkọ́ náà mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn òun. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó kàn gbé ọwọ́ òsì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibi tí àmì orin náà wà kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà má bàa rí i, ó sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó nu ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Ó pa gbogbo rẹ̀ dé, ó tún un ṣí. Funfun.

Agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú méjìlélógún. Òun ń ka ìwé, èmi ń tẹ ẹ́, ìka mi ń ṣìnà. Mo ṣi ọdún ìbí kọ, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Àwòrán ìwé náà ń fà wọlé díẹ̀díẹ̀, mo sì pariwo mọ́ ọmọ náà pé kó má mira. Nígbà tí nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀ jáde, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Màmá àgbà sọ ọwọ́ méjèèjì sókè, ó kúnlẹ̀ fún mi, èmi tí kò yẹ kó kúnlẹ̀ fún. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí olùkọ́.

"Ìwọ, o ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé rẹ o. Ó kù díẹ̀ kí o ba ayé ọmọ mi jẹ́."

"Mo gbọ́, Màmá," ló wí. "Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Èmi tí mo lẹ́nu, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Mo ń wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ mi.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, mo bi olùkọ́ náà léèrè ìdí tó fi ṣe é. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

"Màdáàmù," ló wí, kò sì bínú, ìyẹn ló dùn mí jù, "ogójì ìṣẹ́jú ló kù. Ká ní mo sọ pé ẹ̀yin ni, a máa jiyàn. Ẹ̀yin lẹ sì máa borí. Ọmọ náà á wá lọ sí Kutọnu."

Ní ọjọ́ kejì, mo pe àwọn olùkọ́ jọ, mo sọ ọ́ fún wọn bó ṣe jẹ́, mo bẹ olùkọ́ kíláàsì kẹfà níwájú wọn. Mo kan ìṣó mọ́ ògiri, mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọ síbi tí ọwọ́ gbogbo wọn á tó. Nígbà tí a jáde ilé-ìwé, mo gba ilé màmá àgbà lọ. Ẹ̀gẹ́ ló ń bó. Mo ní, "Màmá, èmi ni mo ba ẹ̀rọ yẹn jẹ́ o. Kì í ṣe olùkọ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ọ̀gá rere! Ẹ fẹ́ bo olùkọ́ yẹn láṣìírí. Ọlọ́run á bo tiyín náà."

Mo tún un sọ. Mo búra. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣa ẹ̀gẹ́ tó tóbi sínú abọ́ fún mi, ó ń ṣàdúrà. Ó ní kí ọmọbìnrin náà rù ú sìn mí dé ojú títì.

Ojú ọ̀nà ni ọmọ náà ti sọ ọ́ fún mi.

"Mo mọ̀ pé òótọ́ lẹ sọ, Màdáàmù. Èmi ni mo di fóònù mú lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Mo gbọ́ nígbà tí ẹ̀ ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni."

Mo dúró gbọnin. "O mọ̀? O mọ̀ láàárọ̀ àná, o wà lójú fèrèsé, o ń wò wá? Kí ló dé tí o ò sọ? Àbí o ò mọ̀ pé Kutọnu ni wọ́n ń mú ọ lọ ni?"

Ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ha ilẹ̀.

"Mo mọ̀, mà. Ẹ̀rù Kutọnu ò bà mí tó ẹ̀rù yín."

Ó tún abọ́ ẹ̀gẹ́ mi gbé dáadáa sórí, ó ń dúró kí n ṣíwájú.