Ológbò Méjì Tó Ń Lọ Kánádà

Ẹnu àgò yẹn ń han. Àgò oníke tuntun ni o, tí ọmọ mi gbé ti Kánádà bọ̀ láti fi kó ológbò, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ṣí i báyìí, á dún "hííín" bí ẹni tí eyín ń ro. Láàárọ̀ yìí mo fi òróró sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi tí mò ń ta àgádágodo ní ọjà ńlá Bouaké, ní Ivory Coast níbí, láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, ilẹ̀kùn tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ ló borí mi. Bí mo ti ń bá a jà, Minú, èyí àgbà nínú àwọn ológbò náà, ké látinú àgò náà, igbe kan tó fà gùn, tó wá já lójijì. Ni mo bá jókòó sílẹ̀. Mo ti gbọ́ irú igbe yẹn rí, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, nínú ọkọ̀ akẹ́rù.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ti gbọ́ pé Gánà la ti wá. Kùmásì ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn àlejò máa lọ, olúkúlùkù di ohun tó lè dì. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, fi ìkòkò mẹ́fà sílẹ̀, ó fi bẹ́ẹ̀dì onírin sílẹ̀, ó wá gbé ológbò. Ológbò ọ̀hún ti darúgbó, etí rẹ̀ kan ti ya. Onílé là ń pè é, torí pé inú ilé la bá a nígbà tí a gba yàrá.

Àwọn tá a jọ wà nínú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyá àgbà láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Ẹni tó fi ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀ tó gbé ológbò, ẹ bi í ohun tó ń jẹ."

Ìyá àgbà ní, "Ọmọ tìrẹ kọ́ ni n ó jẹ. Ó ti rù jù."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún sún mọ́ wa.

Ìyá àgbà ti fi aṣọ bo apẹ̀rẹ̀ tí Onílé wà nínú rẹ̀ pinpin, ó sì ti yí i bírí lẹ́ẹ̀mẹta kí ọkọ̀ tó gbéra, torí ológbò tó bá rí ọ̀nà, á padà sílé àná. Ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀: "Má ṣí i o." Èmi kúkú fẹ́ padà ni. Mo fi bọ́ọ̀lù rọ́bà mi sílẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò kan ní Kùmásì, mo sì ti rò ó pé tí Onílé bá mọ̀nà, n ó kàn máa tẹ̀lé ìrù rẹ̀ ni. Ni mo bá ń ká etí aṣọ sókè níbi gbogbo tí ọkọ̀ bá ti yà. Mo ń fi afárá hàn án, mo ń fi igi ńlá hàn án, mo ń sọ ọ́ sí i létí pé, "Apá òsì la yà níbí." Bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi ò tíì mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí a dé Broukro, àdúgbò kan ní Bouaké níbí, Onílé pòórá. Ìyá àgbà ò wádìí jìnnà. Obìnrin Baoulé kan tó ń ta ẹja yíyan láti Béoumi ló ń gbé lódì kejì ògiri wa. Ìyá àgbà á dúró ti ògiri, á fa èéfín rẹ̀ símú, á ní, "Èyí kì í ṣe òórùn ẹja." Èmi ni mo mọ ẹni tó jẹ̀bi, mo sì panu mọ́.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, obìnrin ẹlẹ́ja náà wọlé, ó fi gèlè rẹ̀ ká nǹkan mọ́yà. Onílé ni. Ó ń fi Jùlá, èdè ọjà ibí, ṣàlàyé, kò sẹ́ni tó gbọ́ nínú wa, àmọ́ ó fọwọ́ júwe pé etí títì lòun ti rí i, ó jókòó, ó kọjú síbi tí ọkọ̀ wa gbà wọ̀lú. Ìyá àgbà kọ́kọ́ ka ẹsẹ̀ ológbò náà, ó pé mẹ́rin, kó tó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Òun àti ẹlẹ́ja náà jọ jẹun nínú abọ́ kan títí ikú fi yà wọ́n. Mi ò jẹ́wọ́ fún ìyá àgbà rí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́.

Ìfura ìyá àgbà ni ogún tí mo jẹ. Torí náà, nígbà tí ọmọ mi Ràmọ́tù dé lóṣù tó kọjá, tó ní òun wá kó ológbò méjèèjì tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tó kú, mo fura. Minú ò ríran dáadáa mọ́. Kafé, ìkejì rẹ̀, ò léyín, ọwọ́ la fi ń rún ẹja fún un. Ta ló ń fi bàálù gbé irú èyí? Alààjì tí ìsọ̀ wa kángun síra ní, "Bàbá Ràmọ́tù, òyìnbó kì í kó nǹkan lásán. Ẹ bi í dáadáa." Dókítà ẹranko fi abẹ́rẹ́ ti nǹkan kan bíi hóró ìrẹsì sábẹ́ awọ ọrùn wọn, ó ní tí wọ́n bá sọ nù, wọ́n á fi mọ ẹni tó ni wọ́n. Ó ṣèwé fún wọn, orúkọ bàbá mi tí gbogbo ilé wa ń jẹ́ wà níbẹ̀. Èmi tí mo ka Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, Faransé díẹ̀, tí àpapọ̀ rẹ̀ ò tó kíláàsì mẹ́ta, ológbò ti níwèé jù mí lọ.

Ràmọ́tù kúkú ti ní, "Papá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ." Àmọ́ létí mi, bí ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ tí àlejò wọlé bá a ló ṣe sọ ọ́: ẹ wá jẹun. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bá kọ́ re kì í jókòó sídìí oúnjẹ yẹn. Mo dáhùn bó ṣe yẹ: "Ó ṣé, á gba ibi ire." Fọ́ọ̀mù físà tèmi ṣì wà lórí tábìlì, mi ò fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ lọ́la lòun àtàwọn ológbò ń gbéra lọ wọ bàálù ní Abidjan.

Ayé ti yí padà. Ẹnikẹ́ni ò bo ológbò lójú mọ́; ẹnu àgò ìsinsìnyí, irin ni, wọ́n á rí gbogbo ọ̀nà. Kí ni wọ́n máa wá fi sàmì nínú ìkùukùu? Ohun tí kò yí padà ni pé arúgbó tí wọ́n bá fẹ́ gbé kúrò níbi tó mọ́ ọn lára, ojú ẹni tó fẹ́ gbé e ló máa ń wò.

Lọ́sàn-án òní, mo wò ó tán, mo ní, "Ràmọ́tù, sọ òótọ́ fún mi. Kí lo fẹ́ fi àwọn arúgbó yìí ṣe ní Kánádà?"

Ó rọra ti Kafé wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ Minú, ó nu ọwọ́, ó wá fi bírò lé mi lọ́wọ́.

"Mamá ló ní kí n má fi àwọn arúgbó òun sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mẹ́ta ló kà fún mi, Papá. Méjì ti wọlé."