Jagunlabí Inú Gíláàsì

Òórùn pọ́tì tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì ló jí mi láàárọ̀ Sátidé ọjọ́ náà. Ẹni tó bá dàgbà nílé káfíńtà á mọ òórùn yẹn: bí epo tó ti pẹ́ nínú ìgò, tí wọ́n wá fi ẹfun pò. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, àgbàlá wa ní Ìjòkú nílẹ̀ Rẹ́mọ tutù rinrin, ewé tí Ìyáa mi fi ń bo apẹ̀rẹ̀ obì sì wà nílẹ̀ káàkiri. Bàámi kúnlẹ̀ níwájú ohun kan tó jọ ṣóógíláàsì tí àwọn oníbúrẹ́dì máa ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kò ní ilẹ̀kùn, òkè rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Ilé ẹja ni," ni Bàámi wí, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé.

Ó lọ gbé ilẹ̀kùn kọ́ sílé olówó kan l'Ékòó, ibẹ̀ ló ti rí ẹja tí wọ́n ń sìn nínú gíláàsì ní pálọ̀. Láti ìgbà tó ti dé, kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Ìyáa mi, tó ń ṣa obì lórí àpótí, wò ó títí. "Bàbá Múfú, ẹja tí ẹ ò ní jẹ, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Màá máa wò ó ni."

Ẹ̀rín pa Ìyáa mi débi pé obì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Gíláàsì náà jò lẹ́ẹ̀kan, ó tún jò, Bàámi sì fi ọ̀dà dí i. Nígbà tí kò jò mọ́, wọ́n gbé e sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, a da iyanrìn odò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a rọ omi òjò sí i. Ọ̀rẹ́ Bàámi kan tó ń pẹja ní Líkòsì gbé èpìyà láàyè wá fún wa nínú korobá. Ẹ ó rántí pé láyé ìgbà náà, tẹlifíṣọ̀n kì í ṣí títí di ìrọ̀lẹ́. Kó tó ṣí, ẹja la máa ń wò. Àwọn aládùúgbò tó ń ti mọ́sáláṣí bọ̀ a yà wá wò wọ́n, wọn a máa mi orí, Bàámi a sì máa fọwọ́ nu gíláàsì tí kò dọ̀tí.

Kò pẹ́ tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀. Akọ kan wà láàrin wọn, ó tóbi ju àwọn yòókù lọ. Ó fi ẹnu gbẹ́ kòtò sínú iyanrìn ní kọ̀rọ̀ kan, ara rẹ̀ wá dúdú, etí ìrù rẹ̀ pọ́n. Ẹja tó bá kọjá níwájú rẹ̀, á lé e kiri, á já a nírù. Múfú ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ ní Jagunlabí. Àwọn tó kù a sún mọ́ra wọn lókè omi bí ẹni tí òjò ká mọ́ abẹ́ òrùlé olórùlé. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan, a bá èyí tó kéré jù nínú wọn lójú omi, ó ti kú. Mo sunkún títí mo fi pẹ́ dé ilé kéwú.

Ìyáa mi kò fẹ́ ìjà nílé rẹ̀ rí. "Ìjà kì í jẹ́ kí ọjà tà," báyìí ló máa ń wí fún èmi àti Múfú. Ọjọ́ náà, ẹja ló wí i fún. Ó wá fi kún un pé, "Bí òmíràn bá tún kú, ọbẹ̀ ni mo máa fi gbogbo yín sè." A mọ̀ pé kò ṣeré.

Bàámi mú Jagunlabí kúrò, ó fi í sínú bàsíà lẹ́yìn ilé. Ara tù wá. Ṣùgbọ́n kí a tó mọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń sá tẹ́lẹ̀ ti wọ inú kòtò náà, ara tirẹ̀ náà ti dúdú, ó sì ti ń lé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kiri! Bàámi káwọ́ lérí. "Ológbò lọ, ilé dilé èkúté," ló wí.

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, màá jókòó síwájú gíláàsì, màá máa wò, títí wọn yóò fi pè mí wá jẹun. Ọjọ́ kan ni ife amọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Múfú sínú omi. Ẹja kan tí wọ́n ń lé sá sẹ́yìn ife náà, èyí tó ń lé e sì dúró gbagidi, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó bá wá. Mo sáré lọ bá Ìyá àgbà, ìyá tó bí Bàámi, nínú yàrá rẹ̀.

"Ìyá àgbà, ẹ wá wò ó! Bí kò bá rí wọn, kì í bá wọn jà!"

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mẹ́ta la jẹ́ nílé bàbá rẹ àgbà," ló wí pẹ̀lú ohùn Rẹ́mọ rẹ̀ tó ki. "Ọjọ́ tí n ò bá tíì rí ìyálé mi láàárọ̀, inú mi a máa dùn títí di ọ̀sán. Yàrá ni ilé àwọn ẹja yín ò ní." Ó ní ká lọ kó ìkòkò fífọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. "Ẹ tú gbogbo ilé náà ká pẹ̀lú. Ilé tó bá jẹ́ tuntun fún gbogbo ayé, ta ni yóò sọ pé tòun ni?"

Bàámi kó ẹja jáde, ó dí kòtò náà, ó to ìkòkò àti òkúta sínú omi, ó ri ewéko odò mọ́ àárín wọn. Ó tún lọ gba èpìyà kéékèèké sí i ní Líkòsì.

"Ẹni tó ń jà lẹ tún ń kó èrò bá?" ni Ìyáa mi bi í.

"Bí wọ́n bá pọ̀, kò ní mọ èyí tí yóò lé."

Jagunlabí ló dá padà kẹ́yìn. Gbogbo wa tẹjú mọ́ ọn. Ó wá kòtò rẹ̀ kiri, kò rí i. Ó lé ẹja kan, òmíràn gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó yà tẹ̀lé ìyẹn, àwọn méjèèjì sì wọlé sẹ́yìn ìkòkò. Ó dúró láàárín, ó ń ṣí ẹnu pa ẹnu dé. Múfú rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí àga. Ìjà kò tán pátápátá, ṣùgbọ́n kò tún pa ẹnikẹ́ni mọ́.

Lẹ́yìn náà ni abo kan kò jẹun mọ́, ọ̀fun rẹ̀ sì wú. Ìyáa mi ló kọ́kọ́ rí i. "Ṣegede ló ń ṣe é," ló wí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ sínú bàsíà níbi tó pa rọ́rọ́. Àárọ̀ àti alẹ́ ló ń bẹ̀ ẹ́ wò, òun tó fẹ́ sè é lọ́bẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan la gbọ́ igbe rẹ̀ lẹ́yìn ilé.

"Ẹ wá o! Ọmọ ló gbé sẹ́nu!"

Nígbà tí a dé ibẹ̀, ọmọ ẹja wíníwíní, tí wọn kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, kún iwájú ìyá wọn. Òjìji wa bọ́ sójú omi, ìyá náà yanu, gbogbo wọn sì wọ́ wọlé bí èéfín tó ń padà sínú iná. Ìyáa mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ìyá àgbà ń kì í lẹ́yìn, Bàámi ń pàtẹ́wọ́. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó tún se èpìyà nílé wa. Ṣàwá àti pànlá la jẹ títí ó fi sú wa.

Ọ̀gá ilé ìwé ni mí ní Ìkẹ́nnẹ́ nísinsìnyí. Bí àwọn ọmọ bá jà, tàbí tí olùkọ́ méjì bá gbé ẹjọ́ ara wọn wá sí ọ́fíìsì mi, "Ta ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀?" ló máa ń jáde lẹ́nu mi, kí wọ́n tó jókòó rárá. Mo mọ ìwé ju ọmọbìnrin kékeré tí mo jẹ́ níwájú gíláàsì yẹn lọ, ojú mi sì ti là jù ú lọ. Ṣùgbọ́n òun kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹni tó bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń wò wọ́n títí yóò fi rí ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Àwọn ọjọ́ mìíràn, tí àwọn méjèèjì bá ń pariwo níwájú tábìlì mi, ó máa ń wù mí kí n ránṣẹ́ pè é, kó wá gba orí àga yìí lọ́wọ́ mi títí a ó fi jáde ilé ìwé.