Ọdún Tí Gbogbo Ilé Wa Ń Họra

Mo rántí ọdún tí gbogbo ilé wa ní Asawase, ní Kumasi, ń họra. Bàbá mi a fi ẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn, a máa ha á mọ́ ọn. Àwọn ìyàwó ilé ń fi ìyarun họ apá. Kódà Alfa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú a máa dúró láàárín ẹsẹ kan kó lè họ àtẹ́lẹsẹ̀. Kò sí ìléròrò lára ẹnikẹ́ni, kò sí èélá. Àwọn ará ilé kejì ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé iná aṣọ ló bò wá. Èmi ló yẹ kí n mọ ohun tó fà á, nítorí èmi ni mo gbé e wọlé, àmọ́ mo ti kàwé débi pé n kì í rí ohun tó wà níwájú mi.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà, ó ku bí ọdún méjì kí Gánà gba òmìnira. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé méje. Ilé ìwòsàn kan ní Kumasi ń wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá, Hausa àti Twi, nítorí dókítà òyìnbó kan fẹ́ dán oògùn ibà tuntun wò láàárín àwa tí bàbá wa wá láti ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n fún mi ní aṣọ funfun, pẹ́ńsù pupa kan, pẹ́ńsù dúdú kan àti ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti rìn bí ènìyàn mọ́. Bí mo bá ń bọ̀ nílé, ọ̀nà tó jìn ni mo máa ń gbà kí ojú lè rí aṣọ náà dáadáa. Ìyá mi ò sì ràn mí lọ́wọ́: kí àlejò tó jókòó ní ilé wa, ó ti gbọ́ pé ọmọ òun ti di nọ́ọ̀sì. Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì o. Akọ̀wé ni mí.

Oògùn náà kì í ṣe ti ẹni tó ń ṣàìsàn. Ẹni tí ara rẹ̀ le ni yóò máa lò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí ibà má lè wọ̀ ọ́ lára. Àmọ́ báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé oògùn ló lé ibà, pé kì í ṣe pé ibà kúkú gbàgbé láti wá? Dókítà ní ìdajì àwọn ènìyàn yóò máa lo oògùn, ìdajì yóò máa lo hóró mìíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì, tí kò sì ju ẹfun lásán lọ. Ìgò ọlọ́mọrí pupa àti ọlọ́mọrí dúdú ni wọ́n kó wọn sí. Òun nìkan ló mọ èyí tí í ṣe oògùn, ó sì ti àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, a ó wo apá tí ibà mú jù. Ẹni tó bá ṣàìsàn, ì báà jẹ́ ti pupa tàbí ti dúdú, yóò gba ìtọ́jú lọ́jọ́ náà gan-an. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún àwọn àgbà ilé wa, níbi tí wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, n kò fi nǹkan kan pamọ́, wọ́n sì gbà.

Òfin kan ṣoṣo ló ṣòro fún mi. Nọ́ọ̀sì àgbà, obìnrin Fante kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ní kí n dúró ti ẹnì kọ̀ọ̀kan títí yóò fi gbé hóró rẹ̀ mì, kí n ní kó la ẹnu, kí n sì yẹ abẹ́ ahọ́n rẹ̀ wò. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni mo fẹ́ sọ fún pé kó la ẹnu? Ṣé bàbá mi? Àbí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tó ti ń ta obì ní Kumasi kí Asawase tó di àdúgbò? Ọmọ tí wọ́n kọ́ láti máa kúnlẹ̀ kí àgbà, ṣé ó wá lè máa yọjú sí ẹnu àgbà bí ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin? Ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, mo fi bébà wé hóró oníkálukú, mo fi pẹ́ńsù sàmì pupa tàbí dúdú sí i, mo kúnlẹ̀, mo kó gbogbo rẹ̀ lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n bá mi fún àwọn ènìyàn. Mo wá kọ ọ́ sínú ìwé pé mo fi ojú mi rí gbogbo wọn tí wọ́n gbé e mì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo fi kọ irọ́ náà, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì dára gan-an.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, dókítà pè wá, inú rẹ̀ kò dùn. Àwọn ẹni pupa kò ṣàìsàn, àwọn ẹni dúdú náà kò ṣàìsàn. Ó ní bí kò bá sí ìyàtọ̀ láàárín oògùn àti ẹfun, òun yóò dá iṣẹ́ náà dúró lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun yóò kọ̀wé ránṣẹ́ pé kò sí ẹ̀rí pé oògùn náà wúlò. Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ni mo ti ń họ ọrùn. Ó wò mí, ó bi mí pé hóró mélòó ni èmi ti lò. Mo ní n kò lo kankan, orúkọ mi ò sí nínú ìwé. Ó ní oògùn yìí a máa yún àwọn mìíràn lára, àmọ́ ẹfun kì í yún ènìyàn. Nọ́ọ̀sì àgbà ń wò mí láti òkè délẹ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré délé. Ìyá Àgbà wà ní àárín agbo ilé, wọ́n ń fi ewé tútù bo obì.

"Ìyá Àgbà, oògùn ọjọ́ Jímọ̀ ńkọ́?"

"A ń lò ó. Ti pupa yẹn korò paa, ti dúdú kò korò koraa. Ìyáálé gba èyí tí kò korò, ìyàwó gba èyí tó korò, ariwo sọ! Haba! Ṣé ibà mọ ìyáálé yàtọ̀ sí ìyàwó ni? Mo lọ gbogbo ẹ̀ pọ̀, mo dà á sínú koko bí ògì náà ṣe ń hó, mo bu ṣúgà sí i, gbogbo ilé mu ún dọ́gba."

"Èmi náà?"

"Ìwọ kì í ṣe ọmọ ilé yìí ni?"

Dókítà ti ìwé mọ́ dúrọ́ọ̀, ó gbàgbé pé a ní ahọ́n. Ẹ̀rín pa mí, ẹkún sì tẹ̀ lé e. Bí mo bá dákẹ́, aṣọ funfun mi yóò wà lọ́rùn mi, oògùn tó dára yóò sì di ìdànù. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ìwé mi á di ìwé òpùrọ́. Mo ṣàlàyé ohun gbogbo fún Ìyá Àgbà. Wọ́n gbé ewé obì sílẹ̀.

"Nítorí pé o kò lè ní kí n la ẹnu?" Wọ́n dìde, wọ́n fa ìborùn wọn. "Ó yá, ká lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a."

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Ojú dókítà pọ́n, ó wá funfun, n kò mọ èyí tó bà mí lẹ́rù jù. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ koko àti ṣúgà, ni nọ́ọ̀sì àgbà bá bú sẹ́rìn-ín, tó ń fi ẹ̀wù nu omijé. Ìyá Àgbà ní kí n túmọ̀ fún òun.

"Sọ fún òyìnbó yìí pé ó gbọ́n, àmọ́ kò mọ ilé wa. A kì í pín ọmọ ilé kan sí méjì. Kó fún ilé kan lódindi ní ọ̀kan, kó fún ilé mìíràn lódindi ní èkejì."

Dókítà ronú, ó ní bí ẹfun bá wá kan ilé wọn ńkọ́. Ìyá Àgbà ní, "Bó bá kàn wá, a jọ jẹ ẹ́ nìyẹn. Kó sáà máa tọ́jú ẹni tó bá ṣàìsàn bó ṣe ṣèlérí."

Wọn ò gba aṣọ lọ́rùn mi. Nọ́ọ̀sì àgbà ní kí n fa ìlà sórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan tí mo kọ, kí n sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sí abẹ́ rẹ̀. Ìtìjú náà dùn mí ju kí wọ́n lé mi lọ.

Àwọn ilé mìíràn náà gbà, wọ́n ṣẹ́ gègé láàárín wa, a sì tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, Ìyá Àgbà fi hóró tiwọn sẹ́nu, mo rí i tí wọ́n tọ́ ọ wò. Kò korò. Gbogbo ilé ló ń wo ojú wọn, nítorí gbogbo wa la mọ ohun tó túmọ̀ sí. Wọ́n gbé e mì, wọ́n la ẹnu gbàgà, eyín mẹ́rin tó kù níbẹ̀ hàn kedere, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wá yẹ̀ ẹ́ wò." Lẹ́yìn wọn ni bàbá mi, lẹ́yìn bàbá mi ni Alfa, gbogbo wọn tò, wọ́n ń la ẹnu fún mi.

Ara yíyún náà lọ, ibà sì padà wá. Ó mú ìyá mi, ó mú àbúrò mi lẹ́ẹ̀mejì, ó mú èmi náà mo gbọ̀n bí ewé. Dókítà kò yẹ àdéhùn, a kò sì pàdánù ẹnikẹ́ni. Ní ilé kejì, àwọn tó sọ pé iná aṣọ ló bò wá ti wá ń họra tọ̀sán-tòru, kò sì sí ibà kan tó kanlẹ̀kùn wọn. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà yé dókítà yékéyéké, ó wá sí agbo ilé wa, ó bọ́ fìlà, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí Ìyá Àgbà bó ṣe rí àwa tí à ń ṣe é. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mo di nọ́ọ̀sì gidi nígbẹ̀yìn, mo sì ti fẹ̀yìn tì ó ti pẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló kù tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń ṣeré báyìí, hóró kékeré kan ni mo sì ń lò fún un láràárọ̀. Ó dùn ún gbé mì, ó sì ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ n kò lè gbé e sẹ́nu kí n má ronú pé ní ilé kan, ní ìlú kan tí n kò ní dé láéláé, àwọn kan ti gbé ẹfun mì kí èyí lè dọ́wọ́ mi. N kò mọ orúkọ wọn. Mo máa ń kí wọn kí n tó mu omi.