Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí N Ṣọ́ Síníọ̀ Mi

Wọ́n máa ń sọ pé eléré ìdárayá kì í bẹ̀rù. Irọ́ ni! Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ sí tọ́ílẹ̀ẹ̀tì kí n tó lè fi nǹkan sẹ́nu.

Ilé ìwé gíga kan níbí ní Ọ̀fà ni mo wà, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin. Kí n má parọ́, orí bẹ́ǹṣì ni mo wà, ọdún méjì gbáko. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan ń bọ̀ láti Ìlọrin wá bá wa gbá, kóòṣì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìwọ ni wàá ṣọ́ nọ́ńbà méje wọn. Tó bá fi lè kọjá lára rẹ lẹ́ẹ̀mẹta, o ò bá wa lọ sí ìdíje tó ń bọ̀ nìyẹn."

Ta ni ò mọ nọ́ńbà méje? Òun ló ń darí eré wọn, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í tàsé agbọ̀n. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló ń já mi láyà. Síníọ̀ mi ni, nílé ìwé girama. Ọdún mẹ́ta ni mo fi pọn omi ìwẹ̀ fún un ní họ́stẹ̀lì. Tó bá ti jágbe pé "Kúnlẹ̀!", ọwọ́ la kọ́kọ́ ń gbé sókè kí orúnkún tó kanlẹ̀, torí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá pẹ́, ẹgba ni yóò jẹ. Títí dòní, tí Mọ́mì bá pariwo mọ́ mi nílé, ọwọ́ mi á ti lọ sókè. Wọ́n á ní orí mi ò pé.

Eré bẹ̀rẹ̀. Síníọ̀ mi gbé bọ́ọ̀lù bọ̀, ó rẹ́rìn-ín sí mi. "O ò kí èèyàn mọ́ ni?"

"Ẹ káàsán, mà." Orúnkún mi ti tẹ̀ kí n tó mọ̀. Kí n tó nà ró, bọ́ọ̀lù ti wọlé. Àwọn tó ń wòran bú sẹ́rìn-ín, kóòṣì káwọ́ lérí.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo panu mọ́, ìbàdí rẹ̀ nìkan ni mo ń wò. Òórùn ìpara rẹ̀ àtijọ́ ló gbà mí nímú. Ó tún kọjá. Ó ku ẹyọ kan. Láti ìgbà náà, mo lẹ̀ mọ́ ọn bí ewé ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ.

Ó ku díẹ̀ kí fèrè ìparí dún. Ojú àmì kan péré la fi ń ṣíwájú, ọwọ́ síníọ̀ mi sì ni bọ́ọ̀lù wà. Ó ń lù ú mọ́ kọnkéré, pó, pó, pó. Mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà, mo gbàgbé ibi tí mo bá a dé. Ó fò sókè pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, ó sì jágbe mọ́ mi: "Kúnlẹ̀!"

Ọlọ́run gbọ́, mi ò rò ó. Ọwọ́ mi méjèèjì ló kọ́kọ́ lọ sókè. Bọ́ọ̀lù gbá mi látẹ́lẹwọ́, ó ta síta. Ìgbà náà ni orúnkún mi tó kanlẹ̀. Fèrè dún.

Àwọn ẹgbẹ́ mi fà mí dìde, wọ́n ń pariwo. Kóòṣì ń gbọ̀n mí léjìká: "O láyà o! Ìwọ gan-an ló máa ṣáájú tá a bá ń lọ!" Láyà kẹ̀?

Síníọ̀ mi wá dúró níwájú mi. Kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló ní kí o dìde?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Èmi ti wà lórí ìkúnlẹ̀.