Ọkùnrin Tó Ń Dán Àpótí Wò

Bí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bá ra fúláàsì tuntun, yóò kọ́kọ́ jù ú sílẹ̀ láti orí tábìlì. "Ohun tí kò bá tíì ṣubú, a ò tíì mọ̀ ọ́n," ni yóò wí. Fúláàsì kì í pẹ́ nílé wọn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dán àpótí onírin wò, irú èyí tí àwọn elépo fi ń gbé èròjà tí ìtànṣán rẹ̀ ń pa ènìyàn. Wọ́n á jù ú láti òkè, wọ́n á sun ún níná, wọ́n á rì í sómi.

Lọ́jọ́ kan ní jẹ́tì Ìgbókòdá, mo ń dúró de ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Zion Pepe nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé ọ̀kan nínú àpótí wọ̀nyí sínú ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ elépo. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹ̀rọ tó fi ń wọn ìtànṣán sún mọ́ ọn, ẹ̀rọ náà figbe ta. Ó ní kí gbogbo wa sún sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, omi ti ń fà o, ọkọ̀ ò ní lè lọ mọ́!" ni awakọ̀ pariwo.

"Jẹ́ kó fà."

Ọ̀gá rẹ̀ bú u lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," kò sì yẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ àpótí náà wò, ìdérí rẹ̀ ti sán.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ nílé, ó bi í pé, "Ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà yín ni?"

"Ó bà mí. Iṣẹ́ mi nìyẹn."