Ọkùnrin Tó Gbá Họ́kì Lórí Yìnyín

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí opó Kóòṣì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, tí mo dúró de mọ́tò Ọ̀yọ́ ní Tàkié, ọmọbìnrin kan tó ń ta píọ̀ wọ́tà gbé ọ̀rá omi tó ti dì gbagidi jáde nínú fíríìsà, ó sì là á mọ́ kọnkéré, gbàù! Yìnyín fọ́n ká. Èérún kan yọ̀ tẹ̀rẹ́ wá dúró lẹ́bàá bàtà mi. Ọmọ náà ní, "Màmá, ẹ má bínú o." Bínú kẹ̀? Ẹ̀rín ni mo ń rín. Ariwo yẹn ti gbé mi padà sí agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ibẹ̀ ni Kóòṣì háyà yàrá sí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Onítẹ̀bọmi ponbele, tí àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì ràn lọ́wọ́ títí ó fi kàwé dé Amẹ́ríkà. Nígbà tó dé, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà nílùú wa gbà á kó máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní họ́kì, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá tó tẹ̀ nídìí gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Lọ́sàn-án Sátidé, bó bá ti ń sá aṣọ rẹ̀, àwa ọmọdé a ti pé lé e lórí. Ìtàn tá a fẹ́ gbọ́ kò ju ẹyọ kan lọ. Ó ní nílé ìwé òun lọ́hùn-ún, bí òtútù bá mú, gbogbo adágún omi á dì. Àwọn ọkùnrin á wọ bàtà tó ní abẹ nísàlẹ̀, wọ́n á máa sáré lórí rẹ̀, wọ́n á máa fọ̀pá lé rọ́bà pẹlẹbẹ kan kiri. Òun ló ń ṣọ́lé, kí rọ́bà náà má bàa wọlé.

Ìyá àgbà, tó bí ìyá mi, pòṣé. "Ẹnì kan ṣoṣo ni mo gbọ́ pé ó rìn lórí omi, kì í sì í ṣe ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́."

Ṣùgbọ́n ìbéèrè ò jẹ́ kí àwa jókòó jẹ́ẹ́. Ṣé ẹja á máa wò yín látìsàlẹ̀? Tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n yín ńkọ́? Ibo ni wọ́n ti ń pọnmi nígbà náà? Kóòṣì á dáhùn gbogbo rẹ̀, kò ní já wa kulẹ̀. Èmi ni mo bi í pé kí ló dé tó fi padà wálé. Ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Ó ti kúnlẹ̀ lórí yìnyín jù, orúnkún ọ̀hún ò sì gbà mọ́. Ẹni tí kò lè ṣeré mọ́, ó ní kó máa kọ́ ẹlòmíì.

Ibi ìkúnlẹ̀ yìí gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Kóòṣì fẹ́ kí aṣọ́lé rẹ̀ kúnlẹ̀ gbì bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ nílẹ̀, kó fi itan dínà. Aṣọ́lé náà ni Bùọ̀dá Àkàngbé, àbúrò ìyá mi, tó ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ó ga, ojú rẹ̀ ò mọ ẹ̀rù, àmọ́ orúnkún rẹ̀ ò ní kanlẹ̀ láéláé. "Obìnrin ló ń kúnlẹ̀, Kóòṣì. Ọkùnrin, ìdọ̀bálẹ̀ ni tiwa." Bó bá fẹ́ gbìyànjú pàápàá, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á pariwo pé, "Ìyàwó, ẹ kúnlẹ̀ dáadáa o!" Kíá ló máa ń fò dìde, bọ́ọ̀lù á sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá wọlé.

Ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì Ògbómọ̀ṣọ́ bá tún nà wá lọ́dún yẹn, họ́kì parí, pápá di ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, kí Kóòṣì sì wábi gbà. Ọkùnrin náà ò rí oúnjẹ jẹ dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rù sì bà mí pé ó máa kó lọ, n ò sì ní gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ yìnyín yẹn mọ́.

Lọ́jọ́ eré, lọ́rì ló kó àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ dé, wọ́n ń kọrin ìyìn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Gbogbo agbo ilé wa lọ. Ìyá àgbà gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ dání. Àwa la kọ́kọ́ gbá góòlù kan wọlé. Ó kù díẹ̀ kí eré parí ni géńdé wọn kan já gbogbo wa sílẹ̀, ó ku òun àti Bùọ̀dá.

"Àkàngbé, kúnlẹ̀! Mo bẹ̀ ẹ́, kúnlẹ̀!" Ohùn Kóòṣì ti ń ya.

Bùọ̀dá tẹ orúnkún díẹ̀. Ó wo èrò. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò ní ṣe é. Àfi gbàà tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja! Ó nà tàntàn dábùú ojúlé, àyà mọ́lẹ̀, àgbọ̀n mọ́lẹ̀, bí ẹni tó ń kí bàbá ìyàwó. Bọ́ọ̀lù lù ú níhà, ó dúró síbẹ̀.

Ìyá àgbà, tó ti ń súre fún ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, ò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ là: "Dìde, ọkọ mi! Wàá dàgbà, wàá dògbó!"

Ẹ̀rín bú! Ará Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá di ikùn mú. Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè ìparí, tá a ti borí, Kóòṣì ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. "Látọjọ́ tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ kó kúnlẹ̀!" Láti ọjọ́ Mọ́ńdé, ìdọ̀bálẹ̀ ló ń kọ́ àwọn aṣọ́lé. Ibẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Mọ́tò tó gbé mi dé já mi sílẹ̀ nítòsí kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn. Mo yà síbẹ̀. Wọ́n ń gbá họ́kì lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò kí èèyàn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ yín á kàn juwọ́ látorí ọ̀kadà, fóònù létí. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ń bọ̀, aṣọ́lé wọn sì ṣubú gbalaja dábùú ojúlé. Nígbà tí wọ́n sinmi, mo bi í pé ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ó họrí. "Màmá, bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe é níbí ni."

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bọ́ọ̀lù tún dé, ó tún nà gbalaja, àyà mọ́lẹ̀. Èmi náà ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là.

"Dìde, ọkọ mi! Wàá dàgbà, wàá dògbó!"