Ààwẹ̀ Ìyá Sùlàímọ́nù

Ọjọ́ tí àwọn CDR, ìgbìmọ̀ tó ń ṣojú ìjọba révolution ládùúgbò, kó gbogbo ará Tampouy jáde gbálẹ̀ àdúgbò wọn ni Ṣàkírátù ṣubú gbì. Ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Yéè! Obìnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní ẹni Ọlọ́run, tó ń gbààwẹ̀ láìsí Ràmàdáánì!

Ààwẹ̀ kẹ̀? Ìtọ̀ ni o. Yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ tán, òmíràn á tún máa gbọ̀n ọ́n. Lóru, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ń dìde. Oorun kò tó, orí ń fọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan tí ìtọ̀ jò ó lára níwájú oníbàárà tó wá ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú tì í débi pé ó fi omi mímu sílẹ̀. Ohun tí kò wọlé, báwo ni yóò ṣe jáde?

Ọkọ rẹ̀, Mùsílíù tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò, rí i pé kì í mu omi lọ́sàn-án mọ́. Ló bá ń yangàn ní mọ́ṣáláṣí pé ìyàwó òun ń gbààwẹ̀ nàfílà. Ìyìn náà dùn mọ́ Ṣàkírátù nínú, kò lè jẹ́wọ́ mọ́.

Ní dispensaire, ilé ìwòsàn kékeré tí wọ́n gbé e lọ, Albertine tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wo ètè rẹ̀ tó ti là, ó wo ìtọ̀ rẹ̀ tó pọ́n bíi tíì. Ó fi èdè Dioula bi wọ́n léèrè ìgbà tó ti mu omi kẹ́yìn.

Mùsílíù gbéra ga. "Ààwẹ̀ ló ń gbà. Oṣù mẹ́ta gbáko!"

"Oṣù mẹ́ta? Nínú ooru yìí?" Albertine pariwo. "Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni? Kíndìnrín rẹ̀ ti ń bàjẹ́!"

Ṣàkírátù bú sẹ́kún. "Bàbá Sùlàímọ́nù, ẹ foríjì mí. Kì í ṣe ààwẹ̀. Ìtọ̀ ni mò ń sá fún."

"Ìtọ̀?" Albertine dijú. "Omi tí o ò mu ló sọ ìtọ̀ rẹ di kíki, òun ló tún ń ta àpò ìtọ̀ rẹ. Ojoojúmọ́ làwọn obìnrin ń wá sọ irú rẹ̀ fún mi níbí. Ìtọ́jú wà fún un!"

Háà! Ojoojúmọ́! Ṣàkírátù kò mọ̀ pé irú rẹ̀ ń ṣe ẹlòmíràn láyé.

Mùsílíù bu omi sínú ife, ó gbé e sún mọ́ ẹnu rẹ̀. "Mu ún."

"Àwọn ará mọ́ṣáláṣí ńkọ́?"

"Èmi ni mo sọ ohun tí n kò mọ̀ fún wọn. Èmi náà ni màá lọ tún un sọ. Jọ̀ọ́, mu omi."

Kò tíì mu ún tán tí ìtọ̀ fi gbọ̀n ọ́n. Ojú tì í láti sọ ọ́, ó fún ẹsẹ̀ mọ́ra. Mùsílíù gbé ife sílẹ̀, ó dì í lápá mú, ó sì sìn ín lọ sí ṣáláńgá níṣojú gbogbo èèyàn.